Ife Ìbínú Ti Gbẹ

Àlá tí mo lá mọ́jú òní, ẹ̀yin alàgbà, ẹ ò ní í mú mi kúrò nílé yìí láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ ọ. Bàbá Ìjọ, ẹ jókòó sórí àga yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, ṣùgbọ́n èmi ni mo kàn án, kò ní í gbé yín ṣubú.

Mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ fẹ́ kí n wá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó mú kí Ọlọ́run bínú sí mi, tí mo fi já bọ́ nígbà tí mò ń tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Apá ọ̀tún mi kán, kò sì tíì san. Káfíńtà tí kò lè kan ìṣó, kí ló kù tó ń ṣe láyé? Èmi náà ti wá ẹ̀ṣẹ̀ náà títí, mi ò rí èyí tó tóbi tó. Àná ni mo pinnu pé n ó kúkú sọ pé èmi ni mo jí àkùkọ ìyàwó pásítọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló gbé e. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rù ló bà mí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Ọlọ́run ń bínú sí mi lóòótọ́, n ò sì rí oorun sùn dáadáa mọ́ nítorí ẹ̀.

Mo wá rí ara mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa lójú àlá. Ọ́fíìsì kan léfòó lókè níbẹ̀. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ọ̀pẹ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀: ILÉ-IṢẸ́ ÌBÍNÚ ỌLỌ́RUN. Inú mi dùn! Mo ní, "Ibi tí mò ń wá gan-an rèé." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó bí n ó ṣe fi ọwọ́ kan gun àkàsọ̀, ni apá mi ọ̀tún bá bọ́ kúrò léjìká, ó ní, "Bàbá Àrìnọlá, ẹ máa tẹ̀ lé mi bọ̀." Ó sì gun òkè lọ. Mo kàn kìlọ̀ fún un pé kó rọra, torí orí àkàsọ̀ la ti já bọ́ lọ́jọ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀gá kan jókòó nínú lọ́hùn-ún, ó wọ kóòtù, ó so táì. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìbéèrè kan ni mo ní."

"Ìbéèrè wo? Ẹni tí ìyà bá ti ń jẹ, ó ṣẹ̀ ni. Jẹ́wọ́!"

Bó ṣe pariwo bẹ́ẹ̀, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀. Mo ní èmi ni mo gbé àkùkọ. Ó ní ìyẹn kéré, "Jẹ́wọ́!" Irùngbọ̀n yọ. Mo ní ó dáa, èmi náà ni mo fa òjò tó ba ìkórè wa jẹ́ léṣìí. "Jẹ́wọ́!" Ó di òbúkọ pátápátá, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kọ́tìnnì ojú fèrèsé. Bàbá Ìjọ, ẹ forí jì mí, irùngbọ̀n náà jọ tiyín díẹ̀. Mo kí i pé ó kú oúnjẹ.

Àṣé ife ńlá kan wà lórí tábìlì, ó tóbi tó odó. Ó wúkọ́, ó ní, "Má dá òbúkọ yẹn lóhùn. Ẹnì kankan ò gbà á síṣẹ́ níbí, ẹ̀yin lẹ fi í joyè. Èmi ni ife ìbínú. Wá wo inú mi."

Yéè! Tí ìpín tèmi bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Mo di ojú kan, mo fi èkejì yọjú. Ó gbẹ! Ó gbẹ táútáú! Apá mi bẹ́ sínú rẹ̀, ó fi ìka nu ìsàlẹ̀, kò rí ẹ̀kán kan.

Mo ní, "Ta ló mu ún?"

Ohùn ife náà rẹlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ni. Ó kọ́kọ́ bẹ Baba rẹ̀ nínú ọgbà pé kí ó mú mi kúrò lórí òun. Òógùn bò ó. Lẹ́yìn náà ó gbé mi, ó mu mí tán. Kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún ẹni tó bá jẹ́ tirẹ̀."

Mo jó! Mo jó yí tábìlì po, apá mi náà ń jó lọ́tọ̀. Òbúkọ dáwọ́ jíjẹ dúró, ó ń wò wá. Àfi bí mo ṣe rántí. Mo ní, "Ife, kí ló wá dé tí apá mi fi ń ro mí tó báyìí?"

Ó ní, "Ohun tó wà nínú mi nìkan ni mo mọ̀. Gbogbo ohun tó ń dùn yín kọ́ ló tinú mi jáde."

Òbúkọ ti jẹ kọ́tìnnì tán, ó kọjú sí okùn, ó gé e. Dípò kí ọ́fíìsì fò lọ, ó já lulẹ̀ gbàà, ó sì di ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Èmi fúnra mi ti di ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, mo wà nínú àpò, òkúta wà lórí mi, omi ń ro tótótó lára mi. Mo gba bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta náà wúwo! Ẹnì kan jókòó tì mí, mo figbe ta, "Ẹ ń bínú sí mi! Mo mọ̀ pé ẹ ń bínú sí mi!"

Ó ní, "Wo ààtàn lọ́hùn-ún. Ohun tí èèyàn ò bá fẹ́ mọ́, ibẹ̀ ló ń dà á sí. Ta ló máa ń di ohun tó fẹ́ dànù sápò, tí á tún jókòó ṣọ́ ọ?"

"Ó ń dùn mí!"

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò lè mọ̀!"

Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ká aṣọ sókè. Ẹ̀yin alàgbà, àpá àpò ti tẹ̀ sí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ọgbẹ́ sì wà níbẹ̀. Ó ní, "Mo ti wọ inú àpò yìí rí." Mo bú sẹ́kún. Kò gbé òkúta kúrò o, n ò ní í purọ́ fún yín. Ó kàn gbọ́wọ́ lé mi, ó ní òun ò lọ síbì kankan.

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Apá mi ń ro mí bíi ti àná. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó san. Ṣùgbọ́n ìbínú tí wọ́n ti mu tán, n ò ní í kúnlẹ̀ máa tù ú lójú. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó ṣílẹ̀kùn fún yín. Ìyàwó mi ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, oorun ti gbé e lọ níbi tó ti ń fi òrí pa mí lára, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí apá náà, n ò sì fẹ́ kó tètè gbé e kúrò.