Ìbòmú Tí Sàfíátù Ní Kí Ọkọ Rẹ̀ Yọ

Ebiere ń tú báńdéèjì ẹsẹ̀ Tonye, ọkọ rẹ̀, lọ́wọ́ nígbà tí Sàfíátù wọlé. Ìka mẹ́ta péré ló kù níbẹ̀. Sàfíátù yára gbójú kúrò, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti ń tò lẹ́nu bọ̀ láti ibùdókọ̀ Boundary bá dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọkọ̀ agbẹ́rù tí Àlíù, ọkọ Sàfíátù, ń wà ní wọ́ọ̀fù Àpápá tí òun àti Tonye jọ ń ṣiṣẹ́ ló gun ẹsẹ̀ Tonye, lọ́sàn-án gangan. Oorun ló gbé Àlíù lọ. Àwọn ọ̀gá ní ọtí ni. Háà! Àlíù tí kì í fẹnu kan ọtí! Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ pinnu bóyá wọ́n á lé e.

Sàfíátù mọ òótọ́. Ó ti pẹ́ tí Àlíù ti ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Èémí rẹ̀ á kàn dúró lójú oorun, kó tó tún ta gìrì. Tílẹ̀ bá mọ́, á máa tòògbé kiri. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń yìn ín pé ó ń pẹ́ ní ìforíkanlẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ó ti sùn lọ! Dókítà ló wá sọ pé ọ̀fun rẹ̀ ló ń pa dé, pé kó máa fi ẹ̀rọ tó ń ti inú ìbòmú fẹ́ atẹ́gùn sí imú sùn. Àbúrò Àlíù rà á wá láti London. Láàárín oṣù kan, Àlíù ti ń jí pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n irú ìbòmú yẹn ló wà lójú ìyá Sàfíátù tó fi kú ní ọsibítù. Sàfíátù bá sọ fún Àlíù pé: “Bàbá Zulfah, ẹ yọ ọ́. Mi ò lè máa wo òkú lórí bẹ́ẹ̀dì mi.” Àlíù ò jiyàn, ó pa ẹ̀rọ náà tì, ni ìtòògbé bá tún padà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

“Bùrọ̀dá Tonye, ẹ forí jì wá, ẹ bá wa bẹ àwọn ọ̀gá.”

“Ìyá Zulfah, ẹ dìde jàre. Àlíù don come since. Ó ní òun lòun pa mẹ́ṣíìnì yẹn tì, pé ariwo ẹ̀ ń yọ òun lẹ́nu. Mo ti ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé àìsàn ni.”

Ojú ti Sàfíátù débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

“Irọ́ ló pa. Èmi ni mo ní kó yọ ọ́.”

Ebiere dá ọwọ́ dúró, ó bi í pé:

“Ṣé ó ti wá ń lò ó báyìí?”

Sàfíátù ti bẹ ọ̀gá, ó ti bẹ lèmọ́mù, ó tún ti kúnlẹ̀ fún Tonye. Ó di ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀, kò sì tíì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó tún máa wọ ìbòmú náà sùn.