Ọjọ́ Tí Wọ́n Dá fún Kọ̀ǹpútà Àgbà

"Tí a bá fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" Ọ̀gá Mibu béèrè. "Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́."

"Á máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ọ̀gá," Chinatsu dáhùn. "Ṣùgbọ́n tó bá ti di ìparí oṣù kẹwàá ọdún tó ń bọ̀, àwọn tó ṣe ètò tó ń darí rẹ̀ ò ní tún un ṣe mọ́. Ibi yòówù tí olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti rí ihò, bẹ́ẹ̀ ni ihò náà ṣe máa wà. Àwọn oníbàárà wa ní Osaka sì ti ní àwọn ò ní bá wa ṣòwò mọ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá Mibu mu tíì rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Iléeṣẹ́ aláró tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Imabari ló ń darí. Òwú tówẹ́lì ni wọ́n ń pa láró níbẹ̀. Chinatsu ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àgbà tó wà nínú yàrá tútù lẹ́yìn ọ́fíìsì. Inú rẹ̀ ni ètò tí wọ́n fi ń po gbogbo aró wọn wà, ètò náà kò sì lè bá wọn dé orí kọ̀ǹpútà tuntun àfi tí ẹnì kan bá là á yé wọn. Chinatsu ti pe àwọn tó mọṣẹ́ wá láti Matsuyama. Wọ́n wò ó títí, wọ́n mi orí, wọ́n lọ. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látọ̀tun, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò gbà.

"Bàbá Tokunaga ló kọ ètò náà kó tó fẹ̀yìn tì," ni ọ̀gá wí. "Lọ bá a nílé. Ó fẹ́ràn rẹ."

Ìyàwó bàbá ló ṣílẹ̀kùn. "Chinatsu, káàbọ̀. Má jẹ́ kó dùn ọ́ o. Lónìí, kò mọ èmi gan-an."

Bàbá jókòó sídìí fèrèsé, ó ń bó ọsàn. "Ẹ káàbọ̀, dókítà," ó ní.

Chinatsu tẹ́ àwọn ìwé tó tẹ ètò náà sí síwájú rẹ̀. Bàbá nu ọwọ́, ó fi awò rẹ̀ sójú, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Chinatsu sún mọ́ ọn.

"Èyí dára," ni bàbá wí. "Ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ mọ́. Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń bá ọmọdé ṣeré. "Èmi kẹ̀? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà." Ó pín ọsàn náà sí méjì, ó na ìlàjì sí i. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí Chinatsu padà dé ọ́fíìsì, ọ̀gá wo ojú rẹ̀, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo pe Yasuhiro lánàá," ó ní. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. "Mo ní tó bá máa wá gba iṣẹ́ yìí, màá bẹ̀rẹ̀ látọ̀tun. Ó ní, 'Bàbá, ẹ lọ sinmi.'" Ó yíjú sí yàrá tútù náà. "Ọjọ́ tí wọ́n dá fún kọ̀ǹpútà yẹn, jẹ́ kó jẹ́ tiwa náà."

"Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́, ọ̀gá? Ta ló máa gba Màmá Kuwabara síṣẹ́ lọ́jọ́ orí rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ìwọ lo mọ ètò í ṣe. Bá wa ṣètò rẹ̀, kí a lè ti ilẹ̀kùn bí ọmọlúwàbí. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, màá sọ fún wọn."

"Rárá, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lónìí, kí wọ́n lè tètè máa wá ibòmíràn."

Ọ̀gá Mibu wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹnu mi ò gbà á."

"Màá sọ ọ́."

Chinatsu sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń pa òwú láró, sínú ooru àti èéfín omi gbígbóná. Màmá Kuwabara ló kọ́kọ́ rí i. "Chinatsu, ṣé kọ̀ǹpútà tuntun náà ti dé, àbí ẹ tún ń tàn wá?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

Chinatsu fa àpótí ìjókòó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró.

"Màmá, ẹ ti omi yẹn pa ná," ó ní. "Ẹ wá jókòó."