Títì Tí Àwọn Màlúù Là

Noelene Treloar ti ta oko màlúù rẹ̀, nítorí ìlú ti gbòòrò dé ẹnu ọgbà rẹ̀. Igba ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú ìkùukùu, ó bá Tamsin, tó ń bá àwọn kọ́lékọ́lé wọn ilẹ̀, níbi tó ti ń ri èèkàn mọ́ àárín kòtò.

"Ibí ni títì máa gbà, mà," ni Tamsin wí.

"Títì àbí odò? Ẹ fẹ́ kọ́ ilé fún ẹja ni?"

"Ó gbẹ táútáú, mà."

"Ọmọ mi, ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Bi àwọn màlúù léèrè."

Ó fi ipa ẹsẹ̀ màlúù hàn án, tó rọra yí kòtò náà ká. Màlúù wúwo, kò fẹ́ ẹrẹ̀. Ibi tó le ló ń tẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn á sì tẹ ibi tí ti iwájú tẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Tamsin gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ rẹ̀ lé e, ó wò ó, ó tún un wò. Ipa náà fi mítà méjì ga ju kòtò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa èèkàn rẹ̀ tu, ó ń lọ rì wọ́n sójú ipa màlúù náà.

Lọ́dún kẹta tí àwọn èèyàn kó dé, omi dé. Ó kún kòtò náà, ó sì dúró síbẹ̀ jẹ́jẹ́, iná igba ilé ń tàn lójú rẹ̀.

Noelene ṣì máa ń rìn ní títì tó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ yẹn láàárọ̀. Bí ìkùukùu bá bolẹ̀, á gbọ́ ìró pátákò lẹ́yìn rẹ̀, á sì yà fún wọn.