Ibà Ni Wọ́n Pè É

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ni mo gbé dàgbà, ní Jerúsálẹ́mù, nínú àgbàlá kan ní àdúgbò Beit Yisrael níbi tí aṣọ tí a sá kì í ti í jẹ́ kí a rí ojú ọ̀run àyàfi lọ́jọ́ ìsinmi. Ìyá wa ti kú, bàbá wa sì ti fẹ́ ìyàwó míràn lọ sí Háífà. Àyà mi kò le nígbà tí mo wà ní kékeré. Èémí a máa há mi lọ́fun, nítorí náà n kò bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sílé ìwé. Tábìlì Ìyá àgbà Sheindel ni ilé ìwé mi. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, níbẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi iyọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ẹran. Ẹni tí kò lè sáré, kí ni yóò ṣe bí kò bá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀? Àwọn àgbà a máa gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Wọn a máa sọ̀rọ̀ lójú mi bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lójú àga.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ìyá àgbà ń ṣàìsàn nígbà òtútù kan, mo ń fi ọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè móoru. Láìjẹ́ pé mo bi í ní nǹkan kan, ó ní kí ó tó bí ìyá mi, ó kọ́kọ́ bí ọmọkùnrin kan. Wọ́n kọ ọ́ nílà lọ́jọ́ kẹjọ bí a ti ń kọ gbogbo ọmọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì dá. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ọmọ ti lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ní kí ó sọ fún ayé pé ibà ni, nítorí ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tí ó bá bí lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ilé wọn ní àbùkù? Ó kọjú sí ògiri, ó sùn. Lọ́jọ́ kejì ó ṣe bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan, èmi náà sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìyá mi kò bí ọkùnrin rárá. Obìnrin ni ẹ̀gbọ́n mi Hendel náà ń bí ṣáá, títí di ìgbà ìrúwé yìí tí Ọlọ́run fún un ní ọmọkùnrin. Òun àti Zalmen ọkọ rẹ̀ kò mọ bí wọn yóò ti yọ̀ tó. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ti bi í léèrè bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá. Hendel ní kò sí. Kò purọ́, ohun tí ó mọ̀ ló sọ.

Ìyá Feige, ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà mi, wọkọ̀ láti ìlú Tsfat wá fún ìkọlà náà. Bí ó ti wọlé ló ti bu ẹ̀wà roboto tí a sè fún àlejò jẹ.

Ó ní, “Sheindel, ẹ̀wà lo sè ni àbí òkúta? Eyín mẹ́ta tó kù mí lẹ́nu lo fẹ́ gbà.”

Ìyá àgbà dá a lóhùn pé, “Ọ̀rọ̀ àsọjù ló pa eyín rẹ. Má di ẹ̀bi ru ẹ̀wà mi.”

Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ tààrà.

Ìfẹ́sọ́nà tèmi náà wà nílẹ̀ nígbà náà. Dobra alárinà ti mú Meilech wá, ọmọ ilé rere kan tí ń kọ́ iṣẹ́ àkọ̀wé ìwé mímọ́. A ti pàdé lẹ́ẹ̀mejì ní gbàgede hòtẹ́ẹ̀lì kan, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan níwájú wa. Ó dákẹ́ bí mo ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé kejì ó bi mí pé nígbà tí kò bá sí ẹni tí mo lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ni mo máa ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó bi mí ní irú rẹ̀ rí. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n títí mo fi délé ni inú mi ń dùn. Ìpàdé kan ló kù. Ìyá àgbà ti ra àwo tí àwọn ìyá yóò jọ fọ́ túútúú lọ́jọ́ ìdána, bí àṣà wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ó ṣáájú ìkọlà, èmi àti Ìyá Feige ń gé àlùbọ́sà ní kíṣìnì. Ó ní lọ́la, ibẹ̀ ni òun yóò wà, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá pe òun. N kò bèèrè ìdí, nítorí n kì í bèèrè. Ó gé àlùbọ́sà díẹ̀ sí i.

“N kì í lè wo ọ̀bẹ yẹn,” ó ní. “Àkọ́bí mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, Tsirel. Mo ń pààrọ̀ aṣọ ìlédìí títí aṣọ fi tán nílé. Mo ránṣẹ́ sí Sheindel níhìn-ín pé ibà ló pa á. Òun náà pàdánù ọ̀kan nígbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ibà gidi ni tirẹ̀.”

Àlùbọ́sà wà lójú mi, ó sì rò pé òun ló ń pa mí lẹ́kún.

Bàbá àgbà mi, kí ó tó kú, a máa kọ́ àwọn ọkùnrin lẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá iwájú, èmi a sì máa gbọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ka ọ̀rọ̀ kan fún wọn nígbà kan nípa àwọn arábìnrin kan láyé àtijọ́. Ọ̀kan kọ ọmọ rẹ̀ nílà, ó kú. Èkejì kọ tirẹ̀, ó kú. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí àbúrò wọn fi gbé ọmọ tirẹ̀ tọ ọlọ́gbọ́n kan lọ, ìyẹn sì ní kí ó má kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí, bàbá àgbà mi wí, ó lè jẹ́ kádàrá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tún ṣẹlẹ̀, àwọn arábìnrin a máa jẹ́rìí fún ara wọn. Ọmọ tirẹ̀ tí ó kú, ẹ̀ẹ̀kan ló kà á sí. Kò mọ̀ pé èkejì wà ní Tsfat.

Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Àwọn àgbà méjèèjì ti fi ọ̀rọ̀ ibà tan ara wọn jẹ láti ọjọ́ yìí wá, èmi nìkan sì ni wọ́n sọ òótọ́ fún, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ilẹ̀ yóò mọ́, olóòlà yóò dé.

Mo lọ bá Ìyá àgbà ní yàrá. Ó ń lọ ìrọ̀rí funfun tí wọn yóò gbé ọmọ lé lórí. Mo sọ fún un pé ti Ìyá Feige náà, ẹ̀jẹ̀ ni. Kò gbójú sókè. Ó ní ibà ni. Mo ní Ìyá Feige fúnra rẹ̀ ló ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ayọ́ọ̀nù náà dúró lójú kan títí mo fi ń gbóòórùn aṣọ tí ń jóná.

Ó jókòó. Ó ní ọwọ́ olóòlà òde òní fúyẹ́, kì í ṣe bíi ti àwọn ará àtijọ́, ilé ìwòsàn sì wà nítòsí. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

“Bí o bá la ẹnu yìí, ta ni yóò fẹ́ ọ? Àyà rẹ nìkan ti lé ọkọ mẹ́ta lọ. Mo ti darúgbó, Tsirel. N kò fẹ́ kú kí n fi ọ́ sílẹ̀ ní ìwọ nìkan.”

Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dì mọ́ ọn, n kò ní lè jáde mọ́. Mo mú gèlè mi, mo jáde.

Ilé Rábì Anshel kò jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, n kò sì bá ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí mi sọ̀rọ̀ rí, àfi Meilech. Mo fara ti ògiri. Èémí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í há. Àgbàlagbà kan ló ṣàánú mi, tí ó ní kí n wọlé ṣáájú òun, pé ohun tí òun fẹ́ bèèrè kò ju bóyá adìyẹ kan ṣeé jẹ lábẹ́ òfin lọ.

Rábì kò wò mí, tábìlì ni ó ń wò, bí ó ti yẹ. Mo rò pé ohùn mi kò ní jáde. Ó jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí bóyá ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Mo ní ìyá kan náà ni. Ó bi mí bóyá Hendel jẹ́ ọmọ ọmọbìnrin tàbí ti ọmọkùnrin ọ̀kan nínú wọn. Mo ní ti ọmọbìnrin. Ó ń fi ìka gbá etí tábìlì.

“Òfin sọ ti àwọn arábìnrin,” ó ní. “Kò sọ ti ọmọ-ọmọ wọn. Ká ní ìgbà ayé bàbá mi ni, bóyá ǹ bá fi òru kan rò ó kí n tó dáhùn. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti wò ó, ọ̀nà tí àwọn àgbà wí náà ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ń gbà: láti ọ̀dọ̀ ìyá sí ọmọbìnrin, láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin sí ọmọ rẹ̀. Ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kan ọmọ náà.”

Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá wọ́n ti fẹ́ mi sọ́nà. Mo ní ó kù díẹ̀. Ó mú fóònù, ó pe Zalmen.

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní kí èmi náà wá, nítorí èmi ni mo mọ ìtàn náà. Hendel ń sunkún sórí ọmọ, kò sì jẹ́ kí n gbà á. Dókítà ẹ̀jẹ̀ jẹ́ obìnrin tí kò borí, tí ó ń sọ̀rọ̀ yára. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, a sì dúró. Nígbà tí ó padà wá, ó jókòó kí ó tó sọ̀rọ̀, mo sì ti mọ̀. Ohun tí í mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ara ọmọ náà kì í ṣe é. Àwọn ìyá ló ń gbé e kiri tí kì í sì í ṣe wọ́n ní nǹkan, àwọn ọmọkùnrin ló ń jẹ̀yà rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, olùkọ́ àwọn kọ́kọ́ sọ ìtàn àwọn arábìnrin ayé àtijọ́ náà kí ó tó fi ohunkóhun hàn àwọn lábẹ́ ẹ̀rọ awòhun-kékeré. Àwọn tí kò rí inú ẹ̀jẹ̀ rí ti mọ ibi tí ó ń gbà wọlé.

Ó yíjú sí mi. “Ká ní wọ́n ti kọ ọ́ ni, ọ̀rọ̀ míràn ni ǹ bá máa bá yín sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, fún wa ní ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ó lè wà lára rẹ, ó sì lè má sí.”

Ilẹ̀ mọ́, olóòlà kò wá. A dá ẹja àsè padà fún ẹni tí ó tà á. Láàárín wa, ọjọ́ ìkọlà ni ọmọ ń gba orúkọ, nítorí náà kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí yóò máa pè é. “Ọmọ” ni Hendel ń pè é. Rábì ní kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ láìsí ariwo lọ́jọ́ ìsinmi: Yekusiel. Dókítà ní tí ó bá dàgbà díẹ̀, oògùn wà tí wọn yóò kọ́kọ́ gún sí i lára kí wọ́n tó kọ ọ́, ewu kò sì ní sí.

Zalmen ló dábàá pé kí a sọ fún ará àdúgbò pé ibà apọ́njú ló mú ọmọ, nítorí bí ara ọmọ tuntun bá pọ́n, a máa ń sún ìkọlà síwájú, kò sì sí ẹni tí í bèèrè ìdí. Ó ní nítorí mi ni. Nígbà tí ìdána mi bá kọjá, a lè wá ohun míràn sọ. Ìyá àgbà gbà. Hendel gbà. Èmi náà gbà.

Mo wọ aṣọ búlúù mi lọ bá Meilech ní hòtẹ́ẹ̀lì náà. Ó ti ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ dè mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa yíyí awọ àgùntàn padà di ohun tí a ń kọ̀wé sí, bí a ti ń fá a, bí a ti ń nà án. Inú rẹ̀ ń dùn. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo sì ń rò pé bí mo bá bí ọkùnrin fún un, òun ni yóò gbé e lọ fún olóòlà lórí ọwọ́ yẹn. N kò lè gbọ́ ohun tí ó ń sọ mọ́.

Mo sọ fún un. Mo ní àyẹ̀wò tèmi kò tíì jáde, ó lè wà lára mi, ó lè má sí.

Ó mu díẹ̀ nínú ìgò rẹ̀. Ó ní mo ṣeun tí mo sọ fún òun, àti pé ní ti òun, kò burú. Ó ní òun yóò sọ fún ìyá òun.

Dobra alárinà wá lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi. Kò jókòó. Ó ní wọ́n ní ọmọ dáadáa ni mí, ọmọ tí a tọ́, Ọlọ́run yóò pèsè. Ó ní àyà mi ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ìyá àgbà kò bú mi. Ó gbé àwo tí ó rà náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú àwọn yòókù, a sì ń fi í jẹun.

Ìyá Feige kò tíì padà sí Tsfat. Láti ọjọ́ tí òótọ́ ti jáde, inú yàrá Ìyá àgbà ni àwọn méjèèjì máa ń wà, ilẹ̀kùn títì. Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti kíṣìnì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà míràn ọ̀kan a sunkún, nígbà míràn ẹ̀rín ni. Mo rò pé orúkọ àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń sọ fún ara wọn, orúkọ tí n kò gbọ́ rí.

Lánàá mo gbé tíì wọlé fún wọn. Wọ́n dákẹ́. Ìyá àgbà ní kí n gbé e sórí àga, ó ní mo ṣeun. Ìyá Feige ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú, ó sì ń wò mí bí ènìyàn ti ń wo ẹni tí ó wà nínú yàrá, kì í ṣe àga. Mo dúró díẹ̀, bóyá wọn yóò máa bá ọ̀rọ̀ lọ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n ń dúró kí n jáde.

Mo jáde, mo sì fa ilẹ̀kùn dé. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mi dé kíṣìnì.