Àpò Òróòro Tí Mo Kọ Sínú Ìwé

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fífi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara kì í jẹ́ ká kọ "a kò rí i" sínú ìwé. Ó ní aláìsàn tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ á ní ojú wa ló fọ́. Bí nǹkan kò bá hàn, ká wá ohun kan kọ: afẹ́fẹ́ inú ìfun bò ó, tàbí nǹkan náà ti sún kì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì mú wàhálà wá, títí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi wá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Aránṣọ ni. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wa kú. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ti ń ro ó, pàápàá bó bá jẹun tán. Ó ti kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kan nítòsí ilé rẹ̀, ìwé tí wọ́n fún un níbẹ̀ ló sì nà sí mi.

"Wò ó, wọ́n ní àwọn ò rí àpò òróòro mi. Ọmọbìnrin yẹn ti nǹkan tútù yẹn kiri ikùn mi títí. Mo ní, ọmọ mi, àbí mo gbàgbé ẹ̀ sílé ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ n bá yín wá a."

"Ìdí tí mo ṣe wá nìyẹn. Ojú-Inú ni wọ́n ń pè ọ́ níbí. Àbí wọ́n kàn ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Mo wá a. Mo rí ẹ̀dọ̀, ara rẹ̀ dán. Mo rí kíndìnrín. Níbi tó yẹ kí àpò kékeré náà fara pamọ́ sí lábẹ́ ẹ̀dọ̀, ìlà funfun tín-ín-rín kan ni mo rí, òjìji dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó mí sínú, kó dá èémí dúró. Ọkàn mi sọ fún mi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń bí láìní àpò òróòro? Mo ti kà nípa rẹ̀ rí nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, gbólóhùn méjì péré, mo sì ṣí ewé ìwé náà kọjá.

"Ṣé o ti rí i?" Ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá gbé èsì ìdánwò dé láti iléèwé.

"Mo ti rí i," ni mo wí.

Mo kọ ọ́ pé àpò òróòro ti sún kì, òkúta sì kún inú rẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó ní kí Ọlọ́run má fi ojú mi ṣòfò. Mi ò lè ṣe àmín.

Dókítà oníṣẹ́-abẹ tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú ara rẹ̀. Ọ̀kan ní òun kò rí. Èkejì ní òun rí, ó sì sọ ohun tó rí. Tèmi ló gbà. Ó fi iṣẹ́ abẹ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi láàárín ọ̀sẹ̀ náà láti jẹ́wọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó ń sọ fún oníbàárà kan pé àbúrò òun ló rí ohun tí ilé ìwòsàn odidi kò rí. Ní ìgbà kejì, àwọn ará ìjọ ń gbàdúrà fún un, ó sì ń dúpẹ́ nítorí mi. Mo kí wọn, mo gé fóònù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan bí aago mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì kan yọjú sí yàrá mi. "Dókítà ń pè yín ní tíátà, ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní kí ẹ mú àwòrán yín dání."

"Ṣé kò sí o?"

"Wọ́n ń wá nǹkan ni."

Mo wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀, mo bo ẹnu. Inú ẹ̀gbọ́n mi ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà tín-ín-rín tí wọ́n tì bọ ikùn rẹ̀ ló ń gbé e jáde, wọ́n fi irin gbé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sókè. Dókítà kò yíjú. "Ẹran ti lẹ̀ mọ́ra níbí, ó ti tó wákàtí kan tí mo ti ń tú u. Tó bá jẹ́ pé ó ti sún kì bó o ṣe kọ ọ́, á jẹ́ pé okùn yìí ni ọrùn ẹ̀. Wá fi hàn mí kí n gé e."

Mo wo okùn náà. Bí kì í bá ṣe ọrùn àpò, ọ̀nà kan ṣoṣo tí òróòro ń gbà kúrò nínú ẹ̀dọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá gé e fún, ayé rẹ̀ kò ní rí bákan náà mọ́.

"Ẹ má gé e, sà."

"Kí ló dé?"

"Mi ò rí àpò kankan. Mo kàn kọ ọ́ ni."

Dókítà rọra fa irin rẹ̀ sẹ́yìn, òróòro aláwọ̀ ewé sì kán jáde níbi tó ti ń tú ẹran, ó kéré bí omi ojú.

"O pẹ́ kó o tó sọ ọ́," ni Dókítà wí.

Wọ́n rán ojú ikùn rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá rọ́bà sí i ní ìhà kí òróòro tó ń jò lè máa dà sínú àpò rọ́bà lóde ara. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú, èsì sì jáde: kò ní àpò òróòro, kò sí ẹni tó yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ọ̀nà òróòro rẹ̀ ló ń fún pọ̀ tó fi ń ro ó. Oògùn lásán ì bá ti tó. Ní ti ihò tí wọ́n ti dá sára ọ̀nà náà, Dókítà ní bó bá dí fúnra rẹ̀, ká dúpẹ́. Bí kò bá dí, àwọn á tún ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìyọ ọ̀kan sílẹ̀.

"Ọmọbìnrin ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ yẹn," ló wí nígbà tí mo sọ tán, "mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bá mi wá a lọ, kó o sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ fún mi."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi àti ìwọ ṣì máa sọ̀rọ̀. Kì í ṣe òní." Ó kọjú sójú fèrèsé. "Ara ń yún mi láti àárọ̀. Kí ló dé?"

Mo tẹ̀ síwájú, mo wo ẹyinjú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Funfun rẹ̀ ti ń di bí ìyeyè.

"Ibà pọ́njú ni," ni mo wí. "Ihò yẹn kò dí, òróòro ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀ yín."

Ó mi orí. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó tú àpò rọ́bà tó ti kún fún omi aláwọ̀ ewé, ó so òfìfo mọ́ ọn, ó sì lọ pe Dókítà.