Àwọ̀ Iná

"Kuroiwa, kí ni àwọn ọ̀bẹ yìí ṣe fún ẹ? Àbí ẹja lo rò pé ò ń dín ni?"

Mizobe da ọ̀bẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Ní ìlú Sakai, alágbẹ̀dẹ kì í pọ́n ọ̀bẹ tó rọ, ẹlòmíràn ní í bá a pọ́n ọn. Láti ìgbà èwe wọn ni Mizobe ti ń pọ́n ti Kuroiwa.

"Ẹnu wọn ń fọ́ lórí òkúta mi. Iná ti pọ̀ jù lára irin."

"Òkúta ẹ ló ti gbó."

"Èmi àti òkúta náà la jọ gbó. Ojú tìẹ ńkọ́?"

Kuroiwa yíjú sí iná. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àwọn tó ń gé ẹja tútù ní Osaka ń dúró ọdún kan gbáko de ọ̀bẹ ọkùnrin yìí, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò rí pupa irin dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ pupa yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ̀rù bà á. Kò sí ẹni tó gbà láàyè rí láti ti ọ̀bẹ tó gbóná bọ omi kó lè le, títí kan Tomoe, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń lu irin lójoojúmọ́.

"Tomoe, ti fèrèsé," ni Kuroiwa wí.

Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ inú òkùnkùn ni àwọ̀ irin ti ń sọ òótọ́. Tomoe dúró nídìí ẹwìrì bí ìṣe rẹ̀. Bàbá rẹ̀ na ẹmú tó fi di ọ̀bẹ kan mú sí i.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń..."

"Gbà á."

Tomoe ń fa irin náà síwá sẹ́yìn nínú èédú, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Kuroiwa rò pé kò tíì pọ́n. Ó lanu láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n Tomoe ti rì í bọ omi.

Mizobe ṣí fèrèsé kan, ó ṣẹ́ ṣóńṣó ọ̀bẹ náà láti yẹ inú irin wò, ó wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Ó kúnná bí ìyẹ̀fun tí wọ́n jọ̀.

"Háà! Tomoe, o káre. Èyí ò ní fọ́ láéláé."

"Àwọ̀ wo lo rí?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Bí èso kákì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n."

"Lójú tèmi, ó ṣì dúdú."

Kò sọ irú rẹ̀ rí létí ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹmú sílẹ̀ lọ́wọ́ Tomoe, ó lọ jókòó sí àyè rẹ̀ nídìí ẹwìrì.

"Mizobe, ti fèrèsé yẹn padà. Ọ̀gá fẹ́ ṣiṣẹ́."