Ìrẹsì Ìdí Ìkòkò ní Valencia

Ó ti rẹ̀ mí kí a tó kúrò nílé rárá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo ti ń pọn Ṣemílóore, ọmọ ọmọ mi, ní ìlú Valencia, lórílẹ̀-èdè Spain. Kì í sùn lálẹ́, kì í sùn lọ́sàn-án. Mo ń fọ aṣọ, mo ń po mílíìkì, mo ń gbálẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni tíkẹ́ẹ̀tì mi sí Èkó. Sùtánà ni mo ń rán ní Ajah, ìjọ aláṣọ funfun kan ní Awoyaya sì ń pè mí lójoojúmọ́ pé ìkórè ti dé, aṣọ dà?

Fúnmilọ́lá ọmọ mi mọ gbogbo èyí. Ọmọ tí kò gbé mi jáde rí láti ọjọ́ tí mo ti dé, òun ló déédéé ní kí n múra, pé a ń lọ jẹun létí òkun. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Òkun wọn ò ju ti Oníru l'Ékòó lọ. A jókòó, Ṣemílóore wà ní itan mi, níbi tó máa ń wà. Wọ́n gbé páànù irin kan wá, ó fẹ̀ bí àtẹ. Ìrẹsì ló kún inú rẹ̀, edé ńláńlá tòun ti irùngbọ̀n wọn, àti akàn. Pàéyà ni wọ́n ń pè é.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn edé nígbà tí Fúnmilọ́lá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, lọ́yà ní wọ́n lè fi oṣù mẹ́fà kún físà yín. Mọ́ńdè ni mò ń padà síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Mo tún bó edé mìíràn. Ló bá mú ṣíbí, ó ha ìdí páànù náà, kàrà, kàrà, ó kó èyí tó jó jọ, ó dà á sínú àwo mi.

Inú bí mi. Ọmọ mẹ́ta ni mo dá tọ́ lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Wọn á jẹ ti òkè ìkòkò, èmi á ha ìsàlẹ̀ jẹ.

"Fúnmilọ́lá, mo wọ bàálù dé ibí, ìdí ìkòkò náà lo tún ń ha fún mi?"

Ẹnu yà á. "Rárá o, Mọ́mì! Níbí, òun ló dùn jù. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yẹ́ sí ni wọ́n ń ha á fún. Ṣebí ẹ̀yin náà fẹ́ràn ẹ̀? Láti kékeré lẹ ti ń sọ ọ́ fún wa."

Irọ́ ara mi ló tẹ̀ lé mi dé Valencia. Mo bù ú sẹ́nu. Kí n má purọ́ mìíràn, ó dùn ju edé lọ. Ìyẹn ló wá pa mí lẹ́kún.

"Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rí," mo ní. "Kí ẹ lè yó ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ilé ni mò ń lọ."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ta ló máa wá bá mi mú ọmọ?"

Mo gbé Ṣemílóore kúrò ní itan mi, mo gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo pín ìrẹsì jíjó náà sí méjì, mo ti ìdajì síwájú rẹ̀.

"Jẹ ẹ́," mo ní. "Ìwọ náà ti di ìyá. Ó ti kàn ọ́."